Ẹ̀wù Tí Òkun Dá Padà



Ẹ̀wù onírun àgùntàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan irun àgùntàn ní etí òkun Ìlàjẹ, níbi tí bùbá lásán ti ń mú ènìyàn làágùn. Irun àgùntàn tiwa gan-an kò tiẹ̀ ṣe é hun. Ẹ ní sùúrù fún mi. Òkun ló mú mi débẹ̀.

Ní Greenland, ilẹ̀ yìnyín, àwọn ará Norway àti Iceland ìgbàanì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Herjolfsnes. Òkun ń jẹ itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì náà díẹ̀díẹ̀, ó ń hú egungun àti aṣọ síta. Èyí ló mú kí Poul Nørlund, ọmọ Denmark, lọ wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1921. Igi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi di ọ̀pọ̀ òkú dípò pósí. Ilẹ̀ tó dì gbagidi ò sì jẹ́ kí aṣọ jẹrà. Ẹ̀wù bí 30 ló jáde, àti fìlà tó bo orí dé èjìká, 17. Copenhagen ni ọ̀pọ̀ wọn wà dòní. Ní 2011, Else Østergård àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ pátáànì wọn sínú ìwé.

Mo rán ọ̀kan. Kíjìpá ni mo lò, torí ooru. Ẹ̀wù yìí gba èjìká ṣinṣin, ó sì fẹ̀ nísàlẹ̀ bíi gbáríyẹ̀ onílù. Ohun tó mú un fẹ̀ ni abala onígun mẹ́ta tí wọ́n kì sí ẹ̀gbẹ́, sí àárín iwájú àti àárín ẹ̀yìn. Ti ẹ̀gbẹ́ rọrùn. Ti àárín ló fi ojú mi rí nǹkan. O máa la aṣọ láti ìsàlẹ̀ dé ìbàdí, o máa wá fi ṣóńṣó abala náà sórí ibi tí o là dé. Máṣìnnì sọ ibẹ̀ di ìkójọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo tú u ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló gbà á níkẹyìn, ojú rírán kéékèèké, bí apẹja ṣe ń di igun àwọ̀n tó ya.

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Aṣọ ló wọ́n. Bí o bá fi sísà la abala gígùn láti igun dé igun, onígun mẹ́ta méjì ló fún ọ, èérún kan ò sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin télọ̀ òde òní, ẹ wo abẹ́ tábìlì yín!

Ọgbọ́n kí aṣọ má ṣòfò kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Nínú ihò àpáta Bandiagara ní Màlì, wọ́n rí ẹ̀wù òwú àwọn Tellem, tí àwọn kan nínú wọn ti wà láti ọ̀rúndún kọkànlá: aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán mọ́ra bí òfì tiwa. Ẹ̀wù méjì láti Allada, ní Benin òní, sì wà ní Ulm, Jámánì, láti ṣáájú 1659, pẹ̀lú ọpọ́n Ifá kan. Tiwa wà lọ́dọ̀ àlejò.

Ayétòrò, ìlú tiwa ní etí òkun Ìlàjẹ, ńkọ́? Láti 1947 tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n hun aṣọ níbẹ̀, wọ́n rán an fún ara wọn. Lónìí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ. Yìnyín ló bá ará Greenland tọ́jú ẹ̀wù kí òkun tó dá a padà. Ẹrẹ̀ tiwa kì í tọ́jú aṣọ.

Ẹni tí ẹ̀wù òbí rẹ̀ láti Ayétòrò ìgbà náà bá ṣì wà nínú àpótí, jọ̀wọ́, má tú u, má sì gé e ṣe tọmọdé. Gbé e wá. Téèpù àti bébà wà lórí tábìlì tó wà lẹ́yìn yín. A ó wọ̀n ọ́n, a ó ya pátáànì rẹ̀, ẹ ó sì gbé ẹ̀wù yín padà sílé.