Igi àti Ilẹ̀ Abẹ́ Rẹ̀

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni a ní kí ó wá sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ igbó. Àwọn baba wa ti kó ọ̀pọ̀ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀. Igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá oko sí rí ni ẹgàn. Ilẹ̀ dúdú ẹlẹ́tù lójú ni ilẹ̀dú. Bí agbára ilẹ̀ bá sì ti tán, a ní ó ti ṣá.

Ìbéèrè mi nìyí: bí a bá gé ẹgàn, tí a fi oríṣi igi kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, ṣé igbó ni a dá padà? Ìwé ìjọba a máa pè é ní igbó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní 1902 ni wọ́n gbin tíìkì, igi ilẹ̀ Íńdíà àti Bọ́mà, sí igbó ọba Olókèméjì. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, wọ́n gbin mẹ̀línà lọ súà ní igbó ọba Ọmọ, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nítorí àtiṣe bébà.

Nínú ẹgàn, oúnjẹ igi kò jìn nínú ilẹ̀. Inú igi fúnra rẹ̀ àti inú ilẹ̀dú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú ilẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ wà. Ewé oríṣiríṣi a máa já bọ́. Òmíràn a tètè jẹrà, òmíràn a pẹ́. Ikán, ekòló àti olú a sọ wọ́n di ilẹ̀, gbòǹgbò a sì fa oúnjẹ náà mu kí òjò tó gbé e lọ. Ẹ wá wo tíìkì. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Omi òjò a kóra jọ sórí rẹ̀, a di ẹ̀kán ńlá, láti òkè ni yóò sì ti máa lu ilẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ewé a wọ́ dànù, a gbẹ. Iná ọdẹ kan péré tó láti jó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá fi máa dé, ìhòòhò ni ilẹ̀ wà, àgbàrá a sì wọ́ ilẹ̀dú lọ sódò.

Ewé mẹ̀línà rọ̀, ó sì ń tètè jẹrà. Ó sàn díẹ̀. Gígé rẹ̀ ni ìṣòro. Ó yára dàgbà, a sì yára gé e, ohun tí ìtì igi náà sì ti fà mu láti inú ilẹ̀ ń bá ọkọ̀ akẹ́gi lọ. Bí a bá ń ṣe èyí léraléra láìdá nǹkan kan padà, ilẹ̀ a ṣá gẹ́gẹ́ bí oko iṣu ṣe ń ṣá.

Àwọn igi kan tilẹ̀ wà tí ń bọ́ ilẹ̀. Agúnmánìyè jẹ́ ọ̀kan: àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí ń gbé inú kókó ara gbòǹgbò rẹ̀, ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní IITA, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ohun ọ̀gbìn sáàárín ọ̀wọ́ irú igi bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí a máa pa arère, afàrà àti ọ̀mọ̀ pọ̀ mọ́ igi àlejò níbikíbi tí a bá ti ń gbin igbó. Wọn yóò ní igi tiwa kì í yára mówó wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ń ṣírò iye owó ilẹ̀dú tí ó bá àgbàrá lọ? Mo fẹ́ kí onímọ̀ igbó tí ó jókòó tì mí yìí kọ́kọ́ dá wa lóhùn lórí ìyẹn.