Àká Ilé àti Ọjọ́ Ìséde: Ọ̀rọ̀ Lórí Ètò Oúnjẹ Ríra

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù ti Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí Ẹgbẹ́ fi lé mi lọ́wọ́ ní òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn ogun. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò ní ọkàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin inú ilé ìdáná ni èyí, tí kò yẹ àwùjọ àwọn àgbà, kí ó rántí ohun tí àwọn baba wa wí pé, ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìlú tí ebi bá ń pa kò ní etí tí yóò fi gbọ́ ìmọ̀ràn, ì báà ṣe ti ọba, ì báà ṣe ti oníṣègùn.

Gbogbo wa ni ó mọ ohun tí ó dé bá wa ní ọdún 2020. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún náà ni a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn kòrónà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, ó sì pàṣẹ pé láti aago 11 alẹ́ ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, kí onílé gbélé fún ọjọ́ 14 ní Èkó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ní Àbújá. Ti ìpínlẹ̀ Ògùn ni a sún síwájú di ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, kí àwọn ará ibẹ̀ lè rí àyè palẹ̀ oúnjẹ mọ́. Nígbà tí ọjọ́ 14 náà pé, a fi 14 mìíràn kún un. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí dẹ okùn òfin náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: láti ìgbà tí Ààrẹ sọ̀rọ̀ títí di ìgbà tí ilẹ̀kùn Èkó yóò tì, ọjọ́ kan àti wákàtí díẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Ajé náà, tolówó tòtòṣì ni ó rọ́ lọ sí ọjà. Èrò tí òfin fẹ́ tú ká ni ó tún ṣù jọ, èjìká ń gbá èjìká, owó ọjà sì gun òkè. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, nígbà tí ìlú Èkó dàrú, ọjọ́ tí ìjọba kéde ìséde tọ̀sán-tòru náà ni ó bẹ̀rẹ̀. Ìkéde ti àkọ́kọ́ fún wa ní ọjọ́ kan. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò fún wa tó bẹ́ẹ̀. Òfin méjèèjì ti kásẹ̀ nílẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ìséde kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Orò bá fẹ́ jáde, a máa ń ké e ṣáájú, kí àwọn obìnrin lè ná ọjà wọn kí ilẹ̀kùn tó tì. Àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ pé a kì í dá iná ní ọjọ́ Òkè Ìbàdàn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pèsè ohun jíjẹ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó mọ́. Àti pẹ̀lú, ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà wa kì í ṣe ọjà ojoojúmọ́. Ọjà ọrún wà, ọjà isán sì wà. Ìyàwó ilé tí ó bá ná ọjà lónìí mọ iye ọjọ́ tí yóò fi máa jẹ ohun tí ó rù bọ̀. Àgbàdo wà ní àjà lókè iná ìdáná, èlùbọ́ wà nínú ìkòkò, iṣu wà ní àká. A kò pè é ní ètò, ṣùgbọ́n ètò ni. Ìgboro ni ó gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ wa: ọjà ń ṣí lójoojúmọ́, fíríìjì wà nínú ilé, a sì gbàgbé àká.

Ǹjẹ́ ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ níwájú yín, gbogbo ìyókù ni ẹ̀ka rẹ̀: ẹni tí agbára rẹ̀ tó láti ní àká nílé, kò yẹ kí a rí i ní ọjà ní ọjọ́ tí a bá kéde ìséde. Ọjọ́ náà, ti ẹni tí kò lè rà tẹ́lẹ̀ ni. Oníṣẹ́ ọ̀wọ̀, alábàárù, ọlọ́kadà, ìyá tí ń kiri àkàrà, owó tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n fi ń jẹun alẹ́. Bí olówó bá sáré lọ ra àpò mẹ́rin nítorí ẹ̀rù, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó kó. Ó fi owó kún kọ́ńgò tí òtòṣì fẹ́ rà.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Èkínní ni kíka ẹnu àti kíkọ sílẹ̀. Kí ìyálé ilé fi ọ̀sẹ̀ kan péré wọn ohun tí ń wọ inú ìkòkò, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé: gàrí èló, ìrẹsì èló, ẹ̀wà èló, epo èló. Bí ilé kan bá ń fi ọjọ́ méjì jẹ kọ́ńgò gàrí kan, ọjọ́ 14 yóò gba kọ́ńgò 7. Kí a fi ọ̀kan kún un nítorí àlejò, àti nítorí pé ìjọba lè fi ọjọ́ kún ọjọ́; ó di 8. Ta ni ó wá sọ fún baálé náà pé kí ó ra àpò mẹ́ta? Ẹ̀rù ni ó sọ fún un. Ẹ̀rù kò mọ ìṣirò.

Èkejì ni pé kí a má ṣe dúró de ìkéde. Ẹni tí ń gba owó oṣù lè fi kọ́ńgò kan lé orí ohun tí ó ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, àká rẹ̀ ti kún láì sí ariwo, ọjà kò sì mọ̀ ọ́n lára. Kí ó máa jẹ èyí tí ó pẹ́, kí ó sì máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́ fún un.

Ẹ̀kẹta ni ètò jíjẹ. Ohun tútù ni kí a kọ́ jẹ: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, tòmátì, ẹja tútù. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí iṣu àti ọ̀dùnkún tẹ̀lé e. Ohun gbígbẹ ni kí ó kẹ́yìn: ẹ̀wà, gàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, orúnlá, ata gbígbẹ, ẹja yíyan àti edé. Nínú iṣu pàápàá, èyí tí ọkọ́ bá ti ṣá lọ́gbẹ́ ni kí a kọ́ sè. Èyí tí ara rẹ̀ pé yóò dúró. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ ìrẹsì àti ẹran, tí ẹ̀fọ́ sì rà sí igun ilé ìdáná.

Ẹ̀kẹrin ni ìpamọ́. Kí gàrí gbẹ, kí ó sì tutù kí a tó bò ó; kí ó má sì kan ilẹ̀ tí ó rin. Kí a sá ẹ̀wà sí oòrùn, kí a jẹ́ kí ó tutù, kí a rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi kún dé ẹnu, kí a sì dé e pinpin: kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da oògùn apakòkòrò sínú ẹ̀wà tí ọmọ ènìyàn yóò jẹ; oògùn tí ó pa kòkòrò lè pa ọmọ. Ata lílọ̀ tí a bá sè títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tí a sì fi epo dín, yóò pẹ́ ju tútù lọ, bí iná mànàmáná tilẹ̀ kọ̀ láti dé. Ògì tútù, omi ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Kí a máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni pé kí a má fi gbogbo owó ọwọ́ ra oúnjẹ. Gàrí nìkan ni a ń mu láì dá iná, omi ni a sì fi ń mu òun pàápàá. Kí a rántí omi, gáàsì tàbí èédú, iyọ̀, ọṣẹ, àti oògùn àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà.

Ẹ̀kẹfà ni ẹni tí yóò lọ sí ọjà. Nígbà ìséde ọdún 2020, ìjọba Èkó yọ̀ǹda kí ọjà oúnjẹ máa ṣí fún wákàtí mẹ́rin péré, láti aago 10 òwúrọ̀ di aago 2 ọ̀sán, ní ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ méjì. A sì fi ọgbà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe ọjà. Wákàtí mẹ́rin kò tó fún ẹni tí ń rìn kiri bí ẹni tí ohun sọnù fún. Kí ẹnì kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ le jáde láti inú ilé, kí ìwé ohun tí yóò rà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì tọ oníbàárà rẹ̀ lọ tààrà.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí n yí ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin Olóyè, nítorí ọgbọ́n inú ilé kan ṣoṣo kò lè gba àdúgbò là. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí oúnjẹ wọ́n ní Èkó, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà kan kalẹ̀ lábẹ́ òyìnbó kan tí ń jẹ́ A. P. Pullen, láti fi òfin dá iye owó lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn. Alimotu Pelewura, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ̀ ọ́, nítorí pé iye tí òfin dá kò lè mú èrè wá fún wọn. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Gàrí kúrò ní orí àtẹ, ó wọ kọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní láti san ju iye òfin lọ. Ní ọdún 1945 ni ìlànà náà kógbá wọlé. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa ni pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kí ọjọ́ ìséde mìíràn tó dé, kí ẹ ti bá àwọn Ìyálọ́jà jókòó: ọjọ́ wo ni àdúgbò wo yóò ná ọjà? Níbo ni ọkọ̀ oníṣu yóò ti já ẹrù? Àwọn ìyá wa mọ̀ ju wa lọ.

Ẹlòmíràn lè wí pé, gbogbo èyí dára fún ẹni tí ó lówó. Kí ni ẹni tí kò ní yóò fi kún àká? Òótọ́ ni. A kò lè kọ́ ẹni tí kò ní owó ọ̀la bí a ti ń ra oúnjẹ ọ̀la. Òun gan-an ni òfin kónílé-ó-gbélé nira fún jù. Ìwọ̀nba ohun tí ìjọba pín ní ọdún 2020 kò sì dé ojúlé gbogbo ènìyàn. Nítorí náà ni mo ṣe wí pé kí ìwé ètò ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ilé kejì nínú. Kí ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún dá owó jọ, kí wọ́n ra àpò kan pọ̀, kí wọ́n sì fi kọ́ńgò pín in. Àpò kò wọ́n tó kọ́ńgò ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí a bá ṣírò rẹ̀. Kí baálé tí ó ní kọ́ńgò 8 ka opó tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹnu tí ó ń bọ́, kí ó sì sọ ọ́ di 10 kí ìkéde tó dé. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ohun tí ó le ju àìdùn lọ tún wà níbẹ̀: ẹni tí ebi bá pa yóò jáde, òfin ì báà le bí òkúta, bí ó bá sì jáde, àrùn tí a tìtorí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yóò bá a wọlé, kò sì ní béèrè ilé olówó kí ó tó wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹnikẹ́ni má kúrò níhìn-ín pẹ̀lú èrò pé ìgbà ìdẹ̀ra ni ìgbà ìsinmi. Ìgbà ìdẹ̀ra ni a ń kọ́ àká. Bí ẹ bá délé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó yín iye ọjọ́ tí gàrí ilé yóò gbé wa dé. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ jókòó, ẹ wọ̀n ọ́n.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a tún rí irú ọdún náà mọ́. Bí a bá sì rí i, kí ó bá oúnjẹ ní àká wa, kí ó sì bá aládùúgbò wa ní àyè.