Físíìsì ní Àgbẹ̀dẹ
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní Òkàkà

Wọ́n ní kí n wí bí ẹni tí kò ní olùkọ́ ti lè kọ́ ìmọ̀ físíìsì, èyíinì ni ìmọ̀ tí ń wádìí bí ohun gbogbo ti ń rìn, bí wọ́n ti ń gbóná, àti bí ìmọ́lẹ̀ àti iná mànàmáná ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń dá a kà títí kì yóò mọ ibi tí òun gbé ṣì í. Èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí.

Ọdún méjì ni mo fi dá ka ìwé kan tí mo rà ní Ìṣẹ́yìn. Mo há a sórí pé ohun wúwo àti ohun fúyẹ́, tí a bá jọ̀wọ́ wọn sílẹ̀ pọ̀, wọn a jọ balẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo ń fi èyí yangàn ní àgbẹ̀dẹ ọ̀rẹ́ mi kan. Kò bá mi jiyàn. Ó já ewé kékeré kan, ó mú irin ọkọ́ tí a kò tíì fi igi sí, ó sì jọ̀wọ́ méjèèjì sílẹ̀. Irin ti dún lórí ilẹ̀ nígbà tí ewé ṣì ń fì lókè. Ó wò mí. Ó ní, “Ìwé rẹ ńkọ́?” N kò ní èsì, ìtìjú sì bá mi, nítorí ọ̀rẹ́ mi yìí kò mọ ìwé kà rárá.

Nígbà tí mo délé mo tún ìwé náà yẹ̀ wò, mo sì rí i pé afẹ́fẹ́ ni ó ń dá ewé dúró. Ojú ìwé tí ó wí bẹ́ẹ̀ ni mo ti fò, nítorí ìṣirò inú rẹ̀! Ní ọjọ́ kejì mo lọ jẹ́wọ́ fún un. Ó ronú díẹ̀, ó tẹ́ ewé náà sí àárín irin ọkọ́, ó sì jọ̀wọ́ irin sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn méjèèjì jọ balẹ̀. Irin ti la afẹ́fẹ́ fún ewé. Ẹ dán an wò nílé. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Bóyá ẹlòmíràn yóò rò pé àbùkù ni kí ọ̀mọ̀wé bá alágbẹ̀dẹ kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Michael Faraday, tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1791. Ní ọmọ ọdún 14 a fi í kọ́ iṣẹ́ ìwé dídì ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tí ó ń dì ni ó sì ń kà. Ní 1810 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹ̀kọ́ ní ilé John Tatum. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Robert, alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú, ni ó ń fún un ní ṣílè kan tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni ó ti bá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ pàdé, City Philosophical Society, níbi tí ọ̀kan ti ń sọ ohun tí ó wádìí kí àwọn yòókù lè bi í léèrè. Edward Magrath, akọ̀wé wọn, a sì máa tún èdè rẹ̀ ṣe. Ní 1813 Humphry Davy gbà á sí iṣẹ́ ní Royal Institution. Ní 1831 ó fi hàn pé bí a bá ń ti òòfà bọ inú wáyà tí a ká, tí a sì ń fà á jáde, iná mànàmáná yóò máa sáré nínú wáyà náà. Ọgbọ́n yìí ni ẹ̀rọ amúnáwá tí ń kígbe lẹ́yìn ilé wa ń lò. Síbẹ̀ Faraday kò mọ ìṣirò gíga. James Clerk Maxwell ni ó wá fi ìṣirò kọ ọgbọ́n rẹ̀. Nítorí náà kí ẹni tí ìṣirò ń bà lẹ́rù wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́ra, kí ó má fo ojú ìwé bí tèmi.

Èdè wo ni a ó fi ṣe é? Yorùbá ni. Ní 1970 Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún 6, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí ó bá ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi yangàn ní àgbẹ̀dẹ ọjọ́sí, ta ni ìbá já ewé?

Ẹ̀yin Ìjòyè, n kò tọrọ owó lọ́wọ́ yín. Yàrá kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ní alẹ́ Sátidé, pẹ̀lú àtùpà àti pátákó ìkọ̀wé. Ọ̀rẹ́ mi ti ṣèlérí láti wá. Ó ní òun yóò gbé ẹwìrì òun dání, kí a wí fún òun ìdí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi ń tutù sí ọwọ́, tí ó sì ń mú iná gbóná.