ÈDÈ SÍRÍÁKÌ, ALÁRINÀ ÀWỌN ORÍLẸ̀-ÈDÈ



Ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pé èdè tí kò bá ní ọba alágbára lẹ́yìn kò lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ró. Mo fẹ́ kí a fi ìtàn èdè Síríákì dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ̀ka ni èdè yìí jẹ́ lára Árámáíkì, èyí tí àwọn òǹkàwé Bíbélì ti pàdé nínú ìwé Dáníẹ́lì. Ẹ̀dẹ́sà ni orísun rẹ̀, ìlú tí à ń pè ní Urfa ní ilẹ̀ Túúkì nísinsìnyí. Ìlú náà ní ọba tirẹ̀ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n Róòmù gbà á; láti ìgbà náà wá, abẹ́ ọba àjèjì ni àwọn tí ń sọ èdè náà wà, àwọn kan lábẹ́ Róòmù, àwọn kan lábẹ́ Páṣíà, lẹ́yìn náà lábẹ́ àwọn Kálífà. Nígbà tí Késárì Zeno sì ti ilé-ẹ̀kọ́ Ẹ̀dẹ́sà pa ní 489, Nísíbísì lábẹ́ Páṣíà ni ẹ̀kọ́ náà ti ń bá a lọ.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wù mí púpọ̀. Severus Sebokht ni, bíṣọ́ọ̀bù àti amòye ìràwọ̀ ní ilé àwọn mọ́ńkì ní Qenneshre, lẹ́bàá odò Yúfúrétì. Ní 662 ó bá àwọn kan wí, àwọn tí ó rò pé nítorí àwọn gbọ́ èdè Gíríìkì, àwọn ti dé òpin ìmọ̀. Ó ní kí wọ́n wo àwọn ará Íńdíà, tí ń fi àmì mẹ́sàn-án péré ṣe ìṣirò tí ó ju ìyìn lọ. Àwọn àmì náà, pẹ̀lú òdo, ni a fi kọ àwọn ọdún tí ó wà nínú ìwé yìí.

Ṣùgbọ́n Hunayn ọmọ Ishaq ni àgbà nínú iṣẹ́ náà. Kìrìsìtẹ́nì ará Hira ní ilẹ̀ Ìráàkì ni, oníṣègùn ní Bàgídáàdì, ó sì kú ní 873. Ìwé Galen, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì, tí ó túmọ̀ sí Síríákì ju èyí tí ó túmọ̀ sí Lárúbáwá lọ ní ìlọ́po méjì, nítorí èdè náà ni àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà. Òun tìkára rẹ̀ sọ pé, nígbà tí òun tó ọmọ ogún ọdún, òun túmọ̀ ìwé kan láti inú àdàkọ tí àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ó di bí ẹni ogójì ọdún, ó ti kó àdàkọ Gíríìkì púpọ̀ jọ; ó fi wọ́n wé ara wọn títí ó fi rí ojúlówó, ó sì tún ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe. Nítorí ìwé Galen kan ṣoṣo, èyí tí ó kọ nípa ọ̀nà tí a fi ń fi ìdí òtítọ́ múlẹ̀, Hunayn rin Mesopotámíà, Síríà, Palẹsítínì àti Íjíbítì já dé Alẹkisáńdríà. Damásíkù nìkan ni ó ti rí nǹkan bí ìdajì rẹ̀, kò sì tò.

Ní ìhà ìlà-oòrùn, òkúta kan wà ní Xi'an ní ilẹ̀ Ṣáínà tí a gbé nàró ní 781, tí a kọ èdè Ṣáínà àti Síríákì sí. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, láti inú ìwé Lárúbáwá ni Gerard ará Cremona, tí ó kú ní 1187, ti túmọ̀ Galen sí èdè Látìnì ní Toledo.

Bí ọkọ bá mojú aya tán, alárinà a yẹ̀ba. Nígbà tí ìwé wọ̀nyí ti wọ Lárúbáwá, àwọn oníṣègùn kò wá ti Síríákì mọ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtumọ̀ tí Hunayn ṣe sí èdè ara rẹ̀ sì ti ṣègbé. A kò lè wí pé èdè náà kú. Wọ́n ṣì fi ń jọ́sìn. Láìka ìpakúpa 1915 sí, àwọn ìbátan rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ènìyàn ní Tur Abdin, ní Ìráàkì, àti láàrin àwọn tí ó ṣí lọ sí Sweden. Ìwé kan tilẹ̀ wà, ìtumọ̀ tí Sergius ará Reshaina, tí ó kú ní 536, ṣe láti inú iṣẹ́ Galen lórí egbòogi. Ní ọ̀rúndún kọkànlá, wọ́n ha ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrò lára awọ, wọ́n sì kọ orin ìsìn lé e. Ní ayé tiwa yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ń ka ohun tí ó wà lábẹ́ orin náà.