Ẹ Má Ṣe Sin Dígí Kọ̀ǹpútà Láàyè

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ wa ní Adó-Èkìtì)

Àwọn baba wa a máa gán igbá tí ó bá fọ́. Wọn kì í sọ ọ́ sí ààtàn nítorí pé ó là ní ẹ̀gbẹ́ kan. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ ní òní, lórí dígí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní mọ́nítọ̀.

Láti ọdún 2015 ni ó ti di dandan pé orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ wa yóò ti máa ṣe ìdánwò JAMB. Ọmọ tí kò bá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà rí kí ọjọ́ náà tó dé, ojú ogun ni a rán an lọ láìní idà. Síbẹ̀, bí dígí kan bá ṣókùnkùn ní ilé-ìwé, kíá ni a ń gbé e sí igun yàrá, tí a ó sì máa tọrọ owó tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò kú. Ohun kékeré ni ó ń ṣe wọ́n.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Láti òde ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí wá àrùn náà. Kí a fi wáyà mìíràn dán an wò, kí a sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣàìsàn, tí a sì ń dá dígí lẹ́bi. Lẹ́yìn èyí, kí a wo iná kékeré tí ó wà ní iwájú rẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, pátákó tí ń pín agbára iná nínú rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ̀bi. Bí ó bá tàn, ṣùgbọ́n tí ojú dígí dúdú, kí a tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú òkùnkùn. Bí a bá rí àwòrán bàìbàì, àwòrán kò kú. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kú, tàbí ohun tí ń fún iná náà ní agbára.

Lórí pátákó náà ni àwọn agolo kéékèèké wà tí a ń pè ní kàpásítọ̀. Àwọn ni ó ń mú kí iná máa lọ déédéé. Omi kan wà nínú wọn tí ooru máa ń gbẹ. Èyí tí ó bá bàjẹ́, orí rẹ̀ a máa wú, tàbí kí omi rẹ̀ máa sun jáde. Láti nǹkan bí ọdún 1999, fún ọdún mélòó kan, ọ̀kẹ́ àìmọye irú wọn tí omi inú wọn kò dára ni ó jáde láti Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ó sì ba ẹ̀rọ jẹ́ káàkiri ayé.

Ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ó mọ̀ pé kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ṣì lè di agbára tí ó ju fóltì 300 lọ mú. Nítorí náà, kí ó dúró, kí ó sì fi ẹ̀rọ tí ń wọn iná wò ó pé agbára náà ti tán. Lẹ́yìn náà ni yóò fi irin gbígbóná yọ́ òjé tí ó dì í mú. Kí ìwọ̀n agbára tí tuntun lè gbà pamọ́ bá ti àtijọ́ mu. Kí fóltì rẹ̀ má dín. Kí ó sì kọjú síbi tí àtijọ́ kọjú sí, nítorí bí a bá yí i padà, ó lè bẹ́. Ní ti mọ́nítọ̀ àtijọ́ oníkùn ńlá, fóltì inú rẹ̀ lè ju 20,000 lọ: kí aláìmọ̀ọ́ṣe má ṣe ṣí i.

Mo mọ̀ pé òkú gidi wà nínú wọn. Dígí tí ó ti fọ́, a kì í gán an bí igbá. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà ròyìn pé bí 500 kọ̀ǹténà ẹrù kọ̀ǹpútà àlòkù ni ó ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé èyí tí kò wúlò nínú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí a dáná sun irú wọn létí odò tàbí oko wa: òjé wà nínú dígí oníkùn, mákúrì sì wà nínú iná ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ àwọn pẹlẹbẹ. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2011 fi irú ìdọ̀tí yìí sábẹ́ àkóso NESREA.

Láti ọdún 1982 tí Polytechnic ti ìjọba àpapọ̀ ti kó láti Jos wá sí Adó, a kò ṣaláìní ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan tó ra dígí tuntun, kí ó pe oníṣẹ́ kan láti yẹ àwọn ti àtijọ́ wò níṣojú àwọn ọmọ. Kí ẹ̀yin Olóyè sì yọ̀ǹda yàrá kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ yóò ti máa kọ́ iṣẹ́ náà nígbà ìsinmi. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wọn.