Àwọn Abúlé Ìwòsàn ní Àrò

Nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, tí ó sì tún kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí ìjọba amúnisìn mọ̀ jù láti ṣe fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ní Nàìjíríà ni kí a tì í mọ́lé. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe ní Calabar àti ní Yaba láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní Lántòro, ní Abẹ́òkúta, ọgbà túbú ni a sọ di ibùdó àwọn alárùn ọpọlọ ní ọdún 1944, pàápàá àwọn ológun tí ó ti ojú ogun bọ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: lọ́dọ̀ púpọ̀ nínú wọn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán kò jìnnà sí ìkòkò àgbo.

Ní ọdún 1954, Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tuntun ní Àrò. Ibùsùn kò tíì ṣe tán níbẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá jókòó de àwọn kọ́lékọ́lé. Lambo wo àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì bá àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n máa fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Òfin kan wà níbẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ wá láìsí ẹbí rẹ̀ kan, ó kéré tán, tí yóò máa bá a gbé. Ìyá ni, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí àbúrò. Ẹni náà ni yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò máa mú un wá sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, tí yóò sì mú un padà ní ọ̀sán. Ní ilé ìwòsàn, ìtọ́jú tí wọ́n ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń lò, àti oògùn àti iná mànàmáná. Ní abúlé, aláìsàn ń gbọ́ èdè rẹ̀, ó ń kí ènìyàn, ènìyàn sì ń dá a lóhùn.

Ní ìlú Geel, ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ìdílé ti ń gba alárùn ọpọlọ sílé láti ọ̀rúndún púpọ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àlejò ni aláìsàn jẹ́ níbẹ̀, láàrin àwọn tí kò bá a tan. Ní Àrò, ẹbí rẹ̀ bá a wá, ẹni tí yóò sì bá a padà sílé ti rí bí a ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí ó gba ìgboyà jù ni pé Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síbi iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó gbà pé ayé ni ó ń ṣe òun kì í fi ọkàn balẹ̀ bí a bá fún un ní oògùn tí a kò sì dá a lóhùn lórí ohun tí ń bà á lẹ́rù. Oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ èyí. Lambo fún un ní ipò rẹ̀, lábẹ́ ojú dókítà. Àgbo wọn pàápàá kì í ṣe òfo. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Reserpine, tí àwọn onímọ̀ fà yọ ní ọdún 1952 láti ara igi Íńdíà tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, wà nínú asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú. Ìwọ̀n ni ìyàtọ̀, ìwọ̀n kì í sì í ṣe ohun kékeré nínú oògùn tí ó lè sọ ọkàn ènìyàn di ahoro.

Ní ọdún 1961, ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà wáyé ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1963 ni ìwé ìwádìí tí Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell jọ ṣe jáde. Àwọn òyìnbó kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìbànújẹ́ tí ń di àìsàn ṣọ̀wọ́n lára ènìyàn dúdú. Nígbà tí wọ́n wọ àwọn abúlé ẹ̀bá Abẹ́òkúta, wọ́n bá a níbẹ̀. Èdè Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún un, ṣùgbọ́n àìróorunsùn wà, àìlèjẹun wà, ẹkún àti àárẹ̀ ọkàn wà. Kò sí ẹni tí ó ti béèrè rí ni.

Ètò abúlé náà ní ìnira tirẹ̀. Ìyá tí ó bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Àrò fún oṣù púpọ̀ ti fi oko tàbí ìsọ̀ sílẹ̀, òǹkà àdánù bẹ́ẹ̀ kì í sì í sí nínú ìwé owó ilé ìwòsàn. Ìdílé tí kò ní ẹni tí yóò yọ̀ǹda kò lè wọlé sí i.

Lambo lọ di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà igbá-kejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 1973 títí di 1988. Ó kú ní ọdún 2004. Ilé ìwòsàn Àrò ṣì ń gba aláìsàn, ọgbà Lántòro sì ti di apá kan rẹ̀.