Bí Bàálù Bá ń Mì Lójú Ọ̀run

Bàálù ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àti ẹ̀rù tí ó máa ń ba ènìyàn nínú rẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ kò bá dára.

Ẹ lè ní, kí ló kan ará Àkánrán tàbí ará Mọníyà nínú èyí? Ó kàn yín. Pápá bàálù Alákíà kò jìnnà sí yín. Àwọn ará Ẹgbẹ́dá ń gbọ́ ìró rẹ̀ lórí ebè. Ayé sì ti yí padà. Ìyá àgbà tí ń ta ẹ̀kọ ní Lálúpọn lè gbọ́ ìròyìn lọ́la pé ọmọ òun ti bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n ní kí ó máa bọ̀ wá wẹ ọmọ. Àgbẹ̀ kòkó lè kó owó jọ, kí ó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Owó lè wà, ìwé ìrìnnà lè jáde, kí ẹnì kan tí ó ti lọ rí wá sọ pé, "Ìyá, nígbà tí a dé òkè, ńṣe ni ó ń mì jìgìjìgì, ó sì já wálẹ̀ lójijì!" Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó láti mú kí ìyá náà sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun, òun kò lọ mọ́. Ọmọ-ọmọ á sì dàgbà láìmọ ojú ìyá rẹ̀ àgbà bí kò ṣe nínú fọ́tò.

Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan wà tí ó yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀, òmíràn wà tí ó yẹ kí a dì mú. Èyí tí ó yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń gbé kiri.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí mímì náà. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ ti rí àwòdì lójú ọ̀run nígbà tí a bá ń sun oko ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yóò na apá rẹ̀ láìjù ú, síbẹ̀ yóò máa yí po, yóò máa lọ sókè sí i. Kí ni ó ń gbé e? Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni. Ilẹ̀ tí oòrùn pa tàbí tí iná jó a máa mú afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ gbóná, èyí a sì máa ròkè. Ní ibòmíràn tí ó tutù, afẹ́fẹ́ a máa sọ̀ kalẹ̀. Bí bàálù bá ti inú èyí tí ń ròkè bọ́ sínú èyí tí ń sọ̀ kalẹ̀, yóò mì. Lókè réré, ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 12, afẹ́fẹ́ tún wà tí ń ṣàn bí odò. Bí bàálù bá kan etí odò náà, yóò mì, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́ kedere. Kò sí kòtò kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó ní bàálù bọ́ sínú ihò ń sọ ohun tí ara rẹ̀ bá a sọ ni. Afẹ́fẹ́ kò tán lábẹ́ apá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi kò ti í tán lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ìgbì bá ń gbé e sókè sódò. Ẹni tí ó ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò ti rí mímì tí ó ju ti ọ̀pọ̀ bàálù lọ, kò sì pariwo pé ọkọ̀ fẹ́ já sí méjì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ tẹ́tí sí èyí. Apá bàálù kì í ṣe igi gbígbẹ. Wọ́n ṣe é kí ó lè tẹ̀ ni. Òfin ni pé kí ó lè gba agbára tí ó tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ èyí tí ó pọ̀ jù lọ tí wọ́n retí pé yóò bá pàdé lójú ọ̀run. Ní ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ Boeing fi ẹ̀rọ fa apá bàálù 777 kan sókè nínú ìdánwò títí tí ó fi ṣẹ́. Kí ó tó ṣẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ ti tẹ̀ sókè ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 24. Ẹ rò ó wò bí ó ti ga tó sí òrùlé ilé yín! Nítorí náà, bí ẹ bá yọjú ní fèrèsé tí ẹ rí apá tí ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Mànàmáná ńkọ́? Ó ń kọlu bàálù akérò kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ara òde bàálù ni iná náà máa ń gbà kọjá lọ.

Ewu kan wà nínú mímì ṣá o, n kò ní fi pa mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bàálù Singapore Airlines kan tí ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Singapore kó sínú mímì líle lókè ilẹ̀ Myanmar. Kí ènìyàn tó ka ení dé àrún, ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 178. Àwọn tí kò so bẹ́líìtì fi orí gbá òrùlé. Èrò kan kú, ọ̀pọ̀ sì farapa. Ṣùgbọ́n bàálù náà fúnra rẹ̀ fò lọ gúnlẹ̀ sí Bangkok. Ẹ so bẹ́líìtì yín, kí ó lọ sílẹ̀ sí orí itan, kí ó sì fún dáadáa. Bí wọ́n tilẹ̀ pa iná àmì rẹ̀, ẹ má tú u. Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ fi sùn.

Ní ti àyà tí ń já, ẹ wá bàálù òwúrọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí oòrùn kò tíì mú ilẹ̀ gbóná, òjò ọ̀sán kò sì tíì kó jọ. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìjókòó ẹ̀gbẹ́ apá. Mímì kò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti ẹ̀yìn. Ẹ fi obì àti kọfí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n ń mú àyà lù kìkì. Àwọn kan ń mu ògógóró láti fi gbójú; èmi kò gbà á níyànjú. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí mì, ẹ fa èémí sínú títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, kí ẹ sì tú u síta díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi ka mẹ́fà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí ìyá àgbà má sì tijú láti sọ fún òṣìṣẹ́ inú bàálù pé, "Ọmọ mi, ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí, ẹ̀rù ń bà mí." Wọ́n mọ irú rẹ̀ dáadáa, yóò dá a lóhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá, mo wà níbí." Ẹ gbàdúrà bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má kígbe pé "A ti kú o!" Ẹ̀rù ń ràn ju iná ọyẹ́ lọ.

Ó kù ẹ̀rù kejì, èyí tí ó yẹ kí a dì mú. Ìjì ni. Ẹ mọ àwọsánmà dúdú tí ń kó jọ ní ìlà-oòrùn nígbà òjò àkọ́rọ̀ àti nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí ń ká òrùlé páànù lọ. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, orí rẹ̀ lè ga ju kìlómítà 15 lọ, bàálù akérò kò lè gba orí rẹ̀ kọjá. Awakọ̀ ní ẹ̀rọ ní imú bàálù tí ń fi òjò hàn án, yóò sì yà fún un. Lókè, àyè wà láti yà. Nítòsí ilẹ̀, àyè kò sí. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ń ti iwájú fẹ́ lè ṣàdédé yí padà kí ó máa ti ẹ̀yìn fẹ́, tí bàálù kò sì ní ga tó láti gba ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, bàálù Sosoliso fẹ́ gúnlẹ̀ sí Port Harcourt nínú ojú ọjọ́ burúkú. Nínú ènìyàn 110, ènìyàn 108 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tí ń lọ sílé fún Kérésìmesì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, bàálù ADC gbéra ní Àbújá nínú ìjì, ó fẹ́ lọ sí Sókótó. Ènìyàn 105 ló wà nínú rẹ̀, 9 péré ló yè. Sultan Muhammadu Maccido wà lára àwọn tí ó kú. Àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé awakọ̀ mọ̀ pé ojú ọjọ́ kò dára kí ó tó gbéra, àti pé nígbà tí afẹ́fẹ́ yí, kò tọ́jú bàálù bí ó ti yẹ.

Síbẹ̀, ẹ lọ sí pápá bàálù ní ọjọ́ òjò, tàbí nígbà tí eruku ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run tí awakọ̀ kò lè rí ojú pápá. Bí wọ́n bá ní kí èrò dúró, ariwo á ta. Àwọn kan á máa lu tábìlì, wọ́n á ní àwọn ní ìpàdé, wọ́n á ní ṣé kí bàálù míì má lọ ni? Àwọn kan náà ni yóò máa gbọ̀n nígbà tí ó bá mì díẹ̀ lókè! Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ gbé ẹ̀kọ àti àkàrà díẹ̀ dání. Bí ilé-iṣẹ́ bàálù kò bá sọ òótọ́ fún yín nípa ìdí tí ẹ fi ń dúró, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ́ ojú ọjọ́, ẹ má bá wọn fa á. Ẹ tẹ ẹni tí yóò wá pàdé yín láago, kí ẹ ní bàálù kò tíì gbéra, kí ó lọ sinmi ná.